Àlejò Inú Tíṣà Ọlábọ̀sípò

"Ẹ yọ ahọ́n, mà," ni Mojírádé wí, ó sì na ṣíbí ìdánwò síwájú.

"Nu ẹsẹ̀ rẹ ná," ni obìnrin àgbà tó ṣílẹ̀kùn dá a lóhùn.

Mojírádé nu ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ rò ó kí ó tó ṣe é. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tó ti kúrò ní kíláàsì Tíṣà Ọlábọ̀sípò. Ó ti di òṣìṣẹ́ pàtàkì ní Àjọ Olùṣọ́-Ara, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ń dán, ó sì ti lé ayáragbé mọ́kànlélógójì jáde lára àwọn ará ìlú Òkè-Ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí obìnrin yìí ṣe sọjú sílẹ̀ wo bàtà rẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni pé ó tún di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá sílé.

"Ṣé ẹ̀yin nìkan ni, mà?" ló fi kí i. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń kí ara wọn nìyẹn láti ọdún tí àwọn ayáragbé ti ń ti ẹ̀yìn òṣùpá wá, tí wọ́n ń wọ inú ara ẹni ẹlẹ́ni láìkan ilẹ̀kùn.

Èsì tó yẹ ni "Èmi nìkan ni, ọpẹ́." Ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ kò ní ṣí fún ẹni tí kò bá dáhùn bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ òfurufú kò sì ní gbé e. Ṣùgbọ́n Tíṣà wo àjà fún ìgbà díẹ̀.

"Ìkíni yẹn kò dára tó," ló wí. "O fi 'ẹ̀yin' bẹ̀rẹ̀, o tún wá fi 'nìkan' tì í. Ta ló ń kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí fún ìjọba? Wọlé."

Pálọ̀ náà mọ́ tónítóní. Tábìlì kan wà níbẹ̀, ìwé kíkọ kan wà lórí rẹ̀, bírò pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ bírò kan ṣoṣo tó kù ní gbogbo òkè náà. Tíṣà jókòó, ó la ẹnu. Mojírádé fi ṣíbí lé e ní ahọ́n, ó ka ení dé ẹ̀wá, ó sì yọ ọ́. Ṣíbí náà funfun nígbà tó wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti di búlúù.

Kí Mojírádé tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu Tíṣà là, ohùn tín-ín-rín kan sì jáde níbẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ìgò.

"Ẹ gbà mí!" ni ohùn náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yìí!"

"Ta ló pè ọ́?" ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹnu kan náà wí. "Tí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí lo máa ń ṣe?"

Ọwọ́ òsì Tíṣà rọra lọ sókè.

"Ẹ̀n-hẹ́n. Bámgbélù, ó yá, máa sọ̀rọ̀."

Mojírádé jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó ti rí ayáragbé tó ń fọ́nnu, ó ti rí èyí tó ń tutọ́ síni lójú, ó ti rí èyí tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀dọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí kò mí. Kò tíì rí èyí tó ń bẹ̀bẹ̀ rí.

"Bámgbélù kẹ̀?" ló béèrè.

"Orúkọ tirẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ tíì gbígbóná," ni Tíṣà wí. "Èyí tí n kò bá lè kọ, n kò lè pè é. Mo fún un ní orúkọ gidi."

"Amí ni mí," ni ohùn tín-ín-rín náà wí kíákíá, bí ẹni pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Àwa ẹgbàárùn-ún la wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ní kí n wá wò bóyá ara ènìyàn ṣeé gbé fún gbogbo wa. Èmi náà wá. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, bí mo ṣe ń jókòó sínú ara yìí lọ́wọ́, aládùúgbò kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, mà, ṣé ẹ sùn dáadáa?' Ẹ! Àyà mi já. Mo ní, ó ti mọ̀ pé a pé méjì! Ẹni tó gbé omi wá tún ní, 'Ẹ kú ilé o.' Ọmọdé kan kọjá lọ, ó ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.' Gbogbo ìlú ló ti mọ̀! Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń retí kí wọ́n wá mú mi, kí obìnrin yìí tó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀wọ̀ àgbà ni."

"Mo sì ní kó kọ àpẹẹrẹ mẹ́wàá sílẹ̀," ni Tíṣà wí.

"Méjìlá."

"Méjìlá, nítorí pé o ṣi méjì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mojírádé, ó fi eyín di ètè mú. Ó rántí iṣẹ́ tó gbé e wá. Ó dìde, ó gbé ohùn òfin wọ̀.

"Mà, aládùúgbò yín ló kọ̀wé sí wa. Ó ní òun rí yín lójú fèrèsé tí ẹ ń fi ọwọ́ ọ̀tún na ọwọ́ òsì."

"Ọmọ yìí fẹ́ fi ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni. Ṣé kí n máa wò ó?"

"Òní ló pé ọjọ́ keje tí òfin fún yín, mà. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, 'Mo lé ọ.' Tó bá ti ọkàn yín wá, á jáde. Tí ẹ kò bá sọ ọ́, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ afàyọ bọ̀." Ohùn òfin náà já a kulẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń fa nǹkan kan ṣoṣo yọ. Bó bá ṣe ń fa àlejò, bẹ́ẹ̀ ló máa ń fa ìrántí. Ọkùnrin kan tí wọ́n lò ó fún ní ọdún tó kọjá, kò mọ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé àga fún un, ó béèrè pé kí ni wọ́n ń fi ṣe."

Tíṣà gbọ́ ọ dé ìparí. Lẹ́yìn náà ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"N kì í lé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì yege," ló wí.

"Ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ!" ni Bámgbélù kígbe. "Eékún òsì ń dùn mí, kì í sì í ṣe eékún mi!"

"Sọ ohun tí o ṣe fún un."

Ọwọ́ òsì bo ìdajì ojú Tíṣà. Ibẹ̀ ni Bámgbélù ti ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ ìka. Ó ní nígbà tó di ọjọ́ kẹta, òun ti rí i pé ara ènìyàn kò ṣeé gbé rárá. Ó ń yún ni, ó ń dùn ni, ó ń fẹ́ jẹun ní gbogbo ìgbà, onílé kì í sì í dákẹ́. Òun wá kọ̀wé sí àwọn ènìyàn òun pé kí wọ́n má ṣe wá. Èdè ara tí wọ́n bá wọ̀ ni wọ́n máa ń fi kọ̀wé, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ wọn á sì túmọ̀ rẹ̀.

"Kí lo wá kọ?" ni Mojírádé béèrè.

Tíṣà ló dáhùn.

"'Ẹ máa bọ̀' ló kọ."

"Mo rò pé tí mo bá fa ọ̀rọ̀ náà gùn," ni Bámgbélù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "wọ́n á mọ̀ pé tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́."

Mojírádé di tábìlì mú. "Wọ́n ń bọ̀? Gbogbo wọn? Nígbà wo?"

"Tí oòrùn bá wọ̀ ní ìlú yìí."

Ó wo fèrèsé. Aago mẹ́rin ti kọjá. Ní ìsàlẹ̀ òkè, àwọn ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn ń gbé àwọn ènìyàn bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dá nìkan wà nínú ara tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan péré ni, mà! Ẹ jẹ́ kó tún un kọ! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un!"

"Tí o bá sọ ìdáhùn nínú kíláàsì mi, Mojírádé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kúnlẹ̀."

"Èmi ni eékún ṣì máa dùn," ni Bámgbélù wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti tún un kọ," ni Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó fi ìka lu ìwé orí tábìlì. "Lákọ̀ọ́kọ́, ó kọ 'Ẹ má bọ́.' Wọ́n á rò pé a kò fẹ́ kí wọ́n jábọ́ ni, wọ́n á wá rọra sọ̀kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, 'Ẹ má bọ.' Kí wọ́n má bọ kí ni? Òkè tàbí odò? Lẹ́ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ fi àmì kankan sí i, ó ní ó ti rẹ òun. Lẹ́ẹ̀kẹrin... ó ṣì í náà ni. Tó bá kọ ọ́ dáadáa, mo máa sọ fún un, á fi ránṣẹ́, á sì máa lọ. Kò sí ẹni tó dì í mú."

Ẹ̀rọ tó wà ní ọrùn aṣọ Mojírádé dún. Ọ̀gá Akínbámi ni, olórí iṣẹ́ wọn. "Mojírádé! Ṣé ara ti ṣófo? Àwọn ọmọkùnrin ti gbé ẹ̀rọ afàyọ wọ ọkọ̀ okùn."

"Mo ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀, sà."

"Ọ̀rọ̀ kẹ̀? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni!"

Nígbà tí Mojírádé fi máa yíjú padà, oorun ti gbé Tíṣà lọ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, oorun ìrọ̀lẹ́ kì í sì í tọrọ àyè lọ́wọ́ irú wọn. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí apá ọ̀tún, ojú ọ̀tún pa dé. Ojú òsì ṣì là sílẹ̀ gbagada, ó ń wo Mojírádé.

"Ẹ sún mọ́ mi," ni Bámgbélù sọ ní kẹ́lẹ́. "Ẹ má jẹ́ kó jí. Ẹ ṣí ìwé yẹn."

Mojírádé ṣí i. Lábẹ́ àṣìṣe mẹ́ta tí Tíṣà ti ṣàlàyé, ìlà kẹrin wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ adìyẹ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe é: *Ẹ má bọ̀.* Bírò pupa fa igi méjì já a kọjá.

"Ṣùgbọ́n èyí tọ̀nà!" ni Mojírádé wí.

"Mo mọ̀. Òun náà mọ̀. Inú ibẹ̀ ni mo wà nígbà tó ń fà á."

"Kí ló dé tí o kò fi í ránṣẹ́, nígbà tó ti tọ̀nà?"

Ojú òsì yẹn là sí i. "Láìjẹ́ pé ó ti máàkì í?"

Amí tó wá gba ayé nìyí. Mojírádé kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún.

"Ó ń gbàgbé," ni Bámgbélù wí, ohùn rẹ̀ sì tún rẹlẹ̀ sí i. "Yàrá púpọ̀ ló ti ṣófo nínú orí rẹ̀. Mo ń rìn káàkiri ibẹ̀. Nígbà tó ń wò ọ́ bọ̀ láti ojú fèrèsé, kò mọ ẹni tí o jẹ́. Èmi ni mo wá orúkọ rẹ kiri, mo rí i lábẹ́ àwọn nǹkan mìíràn, mo gbé e fún un kí o tó dé ẹnu ọ̀nà. Kò fẹ́ kí n yege nítorí pé tí mo bá lọ, kò sí ẹni tó máa bá a wá nǹkan mọ́. Mo fẹ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún tíṣà."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Ohùn àwọn ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ afàyọ wá dún lóde, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́ẹ̀kan náà, Ọ̀gá Akínbámi tún dún lọ́rùn aṣọ: "Mojírádé, ṣé kí wọ́n wọlé?"

Mojírádé wo obìnrin tó ń sùn náà. Tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá wọlé, wọ́n á fa Bámgbélù jáde, wọ́n á sì fa gbogbo ìyókù tì í, títí dórí yàrá tó kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò sì ní fi ìwé ránṣẹ́ sí ọkọ̀ yẹn. Tó bá sì dá wọn padà, tí Tíṣà wá kọ̀ jálẹ̀, oòrùn á wọ̀, ẹgbàárùn-ún àlejò á balẹ̀ sínú àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, òun nìkan ló sì fà á.

Ó fi ṣíbí búlúù sí àpò.

"Ara ti ṣófo, sà," ló wí.

"Ṣíbí ńkọ́?"

"Ó funfun bí òwú."

Àwọn ọkùnrin náà kùn lóde pé àwọn gbé ẹrù gun òkè lásán, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Láti ọdún mọ́kànlá, irọ́ àkọ́kọ́ tí Mojírádé pa fún Àjọ nìyẹn, ó sì yà á lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó.

Ariwo ilẹ̀kùn ti jí Tíṣà. Ó rí ìwé tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ Mojírádé.

Mojírádé gbé ọwọ́ sókè.

"Kí ni?" ni Tíṣà wí.

"Mà, mo rò pé ẹ ṣi máàkì ìkẹrin."

Kò sí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Tíṣà Ọlábọ̀sípò rí láti ogójì ọdún tó fi ṣe iṣẹ́ náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tilẹ̀ lọ fara pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Tíṣà gba ìwé, ó wò ó títí.

"Lánàá," ló wí níkẹyìn, "mo jókòó síbí, mo fẹ́ pe orúkọ ọkọ mi. N kò rí i. Ọkùnrin tí mo bá gbé fún ọdún mẹ́tàlélógójì, tó kú sí ọwọ́ mi. Mo wá orúkọ náà títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ yìí ló ní, 'Oyèníran ni, mà.' Ó lọ wá a fún mi. N kò rán an." Ó fi ìwé náà lélẹ̀. "Lọ́la ńkọ́, Mojírádé? Ta ló máa bá mi wá a?"

Wọ́n kò kọ́ Mojírádé ní èyí ní Àjọ. Oòrùn ti dé orí àwọn òrùlé ìsàlẹ̀, ó ti pupa. Ó wo oòrùn, ó wo Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti ní kí obìnrin náà yára.

Tíṣà mú bírò.

"Síbẹ̀, n kò fa igi já ohun tó tọ́ rí láyé mi," ló wí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń bá wí. "Ohun ìtìjú ni. Bámgbélù, má bínú. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Fi ránṣẹ́."

Ọwọ́ òsì sáré wọ abẹ́ apá, ó mú ẹ̀rọ ìfìwéránṣẹ́ kan tó kéré bí èèpo ẹ̀pà jáde. Àtàǹpàkò kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró. Oòrùn ti ku ìdajì. Èèpo ẹ̀pà náà tàn, èsì ti dé.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Mojírádé béèrè.

"Wọ́n ní, 'Kí ló dé?'"

Bámgbélù wo Tíṣà, bí ẹ̀gbẹ́ kan ojú ṣe lè wo èkejì.

"Sọ fún wọn pé ibí ti kún," ni Tíṣà wí. "Sọ pé kò sí ara kan tó ṣófo níbí, ì báà dákẹ́, ì báà gbó. Fi gbogbo àmì sí i."

Ó kọ ọ́, ó fi gbogbo àmì sí i. Tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sún àmì kan sọ́tùn-ún díẹ̀, ó sì mi orí. Nígbà tó ku fẹ́ẹ́ kí oòrùn wọ̀, èèpo ẹ̀pà náà tún tàn. Bámgbélù ní wọ́n ti ń yí ọkọ̀ padà. Wọ́n sì ní kó máa bọ̀ nílé.

"Ẹ sọ ọ́ báyìí, mà," ni Mojírádé wí. "'Mo lé ọ,' lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Ta ló ń lé ẹni tó yege? Òfin yín yẹn kò mọ èdè." Tíṣà fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì mú. "O ṣe dáadáa. Máa lọ sílé. O ṣe dáadáa. Máa lọ sílé."

Kò rí ìkẹta sọ. Ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́.

Òsúkè ńlá kan gbé e. Nǹkan kan kọjá lójú fèrèsé bí afẹ́fẹ́ tó ti inú ìgò jáde, èèpo ẹ̀pà náà sì ti pòórá. Ẹ̀gbẹ́ òsì ojú Tíṣà rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì di tirẹ̀ padà.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọ̀gá Akínbámi pe Mojírádé sí ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ ọrùn aṣọ ti gba gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"O purọ́ fún Àjọ," ni ọ̀gá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ayáragbé wà nínú ara níwájú rẹ, o ní kò sí. Kí nìdí?"

"Ìdánwò ló ń ṣe lọ́wọ́, sà."

Ọ̀gá náà wò ó bí ẹni tó fẹ́ mú ṣíbí ìdánwò. Ó ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, kó sì fi aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Mojírádé wọ bùbá lásán, ó wọ ọkọ̀ okùn gun òkè. Tíṣà ṣílẹ̀kùn, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá nǹkan lójú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò rí i.

"Ṣé o wá forúkọ sílẹ̀ ni?" ló béèrè níkẹyìn.

Mojírádé nu ẹsẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lo mọ̀?"

"N kò mọ nǹkan kan, mà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Tíṣà wí, ó sì ya fún un kó kọjá. "Àwọn tó mọ̀ ló máa ń yọ mí lẹ́nu."